Ta Ló Ní Kẹ́ Ẹ Wá Pààrọ̀ Bitcoin?

Àtẹ̀jíṣẹ́ náà ti dé Ìjerò, ó ti dé Arámọkọ, àwọn ará Ẹ̀fọ̀n náà ti ń fi ránṣẹ́ síra wọn: "Wọ́n ti tún Bitcoin ṣe, tuntun ti jáde. Ẹni tí kò bá pààrọ̀ tọwọ́ rẹ̀ kí oṣù yìí tó parí, tiẹ̀ ti jóná nìyẹn." Ibi tí wọ́n ní kẹ́ ẹ tẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ tán, àpótí kéékèèké méjìlá ni yóò yọ, kẹ́ ẹ wá kọ ọ̀rọ̀ àṣírí méjìlá tó ń ṣí wọ́lẹ́ẹ̀tì yín sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Èèyàn tó ta kòkó, tó fi díẹ̀ nínú èrè rẹ̀ ra Bitcoin, tí kì í jẹ́ kí ọmọ bíbí inú rẹ̀ rí PIN òun nídìí POS, òun náà ló fìdí kalẹ̀ tó ń kọ ọ̀rọ̀ méjèèjìlá fún ẹni tí kò mọ̀ rí!

Mo mọ ibi tí ẹ̀rù yẹn ti wá. Náírà ló kó o bá wa. Lọ́dún 1973, a fi pọ́n-ùn àti ṣílè sílẹ̀, a gba náírà. Lọ́dún 1984, ìjọba ológun pààrọ̀ àwọ̀ owó, wọ́n ti ẹnubodè pa, ẹni tó kó owó pa mọ́ sábẹ́ ẹní bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, báńkì àpapọ̀ tún kéde 200, 500 àti 1,000 tuntun. Nígbà tó fi di oṣù kejì ọdún 2023, láti ìdájí làwọn èèyàn ti ń tò sẹ́nu ọ̀nà báńkì nítorí owó ara wọn. Torí náà, ẹnikẹ́ni tó bá ti pariwo "owó tuntun", àyà wa á já. Ṣùgbọ́n báńkì àpapọ̀ wo ló ni Bitcoin? Gómìnà wo ló ń buwọ́ lù ú? Satoshi Nakamoto tó dá a sílẹ̀ lọ́dún 2009 ti dágbére láti nǹkan bí ọdún 2011, a ò sì mọ ẹni tó jẹ́ títí dòní.

Bí ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ yí ọjọ́ ọjà padà ní ìlú tí kò lọ́ba ni àtúnṣe Bitcoin rí. Kò sẹ́ni tó lè pàṣẹ. Bí àwọn kan bá ná ọjọ́ tuntun, táwọn kan kọ̀, ọjà á di méjì. Ó sì ti ṣẹlẹ̀. Nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá ni ojú ìwé tuntun ń kún ìwé àkọsílẹ̀ Bitcoin, ohun tí ojú ìwé kan sì lè gbà kò pọ̀. Bí òwò bá ti pọ̀ jù, ẹ ó tò, owó ìfiránṣẹ́ á gbówó lórí. Láti ọdún 2015 ni wọ́n ti ń jà sí i, àwọn kan ní kó tóbi sí i, àwọn kan ní rárá. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2017, ilé-iṣẹ́ tó lé ní 50 fìmọ̀ ṣọ̀kan ní New York pé kí ohun tí ojú ìwé kan lè gbà di ìlọ́po méjì. Ó ju ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún agbára àwọn awakùsà Bitcoin tó wà lẹ́yìn wọn (kì í ṣe awakùsà bíi ti Ìjerò o, kọ̀ǹpútà ni tiwọn fi ń wà á). Nígbà tó di oṣù kọkànlá, wọ́n ká ètò náà kúrò nílẹ̀, nítorí àwọn tó ń lo Bitcoin kọ̀ jálẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà, àwọn kan nínú àwọn tó fẹ́ kó tóbi sí i ti ya lọ ní 1 oṣù kẹjọ, wọ́n sọ tiwọn ní Bitcoin Cash. Ẹni tó ní Bitcoin lọ́jọ́ náà, Bitcoin rẹ̀ ò kúrò níbi tó wà.

Taproot, àtúnṣe Bitcoin mìíràn, ńkọ́? Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2018 ni wọ́n dábàá rẹ̀. Oṣù kọkànlá ọdún 2021 ló tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Àdírẹ́sì àtijọ́ ṣì ń ṣiṣẹ́. Ohun tí odidi àádọ́ta ilé-iṣẹ́ ò rí ṣe, ṣé ọmọkùnrin orí WhatsApp kan ló máa parí rẹ̀ kí oṣù tó tán?

Ti Ethereum, owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì mìíràn, ló tiẹ̀ yẹ kó là wá lójú. Ní 15 oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ gan-an ni wọ́n yọ tí wọ́n fi òmíràn sí i. Iná mànàmáná tó ń jẹ dín kù ní ohun tó ju ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Kí ni àwọn tó ní in ṣe lálẹ́ ọjọ́ náà? Wọ́n sùn. Wọ́n jí, wọ́n bá owó wọn níbẹ̀. Àwọn tó ń pariwo kiri pé kí wọ́n wá gba "Ethereum 2", gbájúẹ̀ ni wọ́n.

Lóòótọ́, àwọn owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì kéékèèké kan wà tí wọ́n ti pààrọ̀ rí. Síbẹ̀, ojúlówó kì í ránṣẹ́ bi èèyàn ní ọ̀rọ̀ méjìlá. Àwọn tó sì ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sanwó kẹ́ ẹ tó rówó yín, ẹ ò tíì gbàgbé CBEX, ètò ìdókòwò orí íńtánẹ́ẹ̀tì yẹn: nígbà tó dojú dé ní oṣù kẹrin ọdún 2025, wọ́n tún ní kí ẹni tó bá fẹ́ gba owó rẹ̀ san dọ́là 100 tàbí 200 sí i.

Bó bá jẹ́ pé ẹ ti kọ ọ̀rọ̀ náà fún wọn, ẹ má dúró bi ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ méjìlá kì í ṣe PIN, kò ṣeé pààrọ̀. Ẹ ṣí wọ́lẹ́ẹ̀tì tuntun nísinsìnyí, kẹ́ ẹ kó ohun tó bá kù síbẹ̀. Orí ìwé ni kẹ́ ẹ kọ ọ̀rọ̀ tuntun sí, ẹ má yà á ní fọ́tò, ẹ má sì fi sórí WhatsApp.