ÀWỌN TÓ LỌ SÍ BỌ́MÁ: TA NI YÓÒ KỌ ORÚKỌ WỌN?



Mo fẹ́ sọ ohun tó ń dùn mí nípa àwọn bàbá wa tó tẹ̀lé Gẹ̀ẹ́sì lọ sí ogun Hítílà.

Bí àwa Ẹ̀gbá bá ń ṣe Ọjọ́ Lísàbí, ẹ ó rí àwọn ìjòyè lórí ẹṣin, ìbọn á máa dún lákọlákọ. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti jẹ́ kí àwọn ọmọ wa rò pé orí ẹṣin nìkan ni akọni máa ń wà. Ogun Bọ́má kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú igbó àti òkè Kaladan, níbi tí ọkọ̀ kò lè gbà, bàálù ló ń ju oúnjẹ àti ọta sílẹ̀, orí ni àwọn ọmọ Áfíríkà sì fi ń rù wọ́n.

Ẹ wo Isaac Fadoyebo, ọmọ Emure-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tó wọ iṣẹ́ ológun ní 1942. Kì í ṣe ọ̀gá, iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́ ni wọ́n fún un. Ní oṣù kẹta 1944, àwọn ọmọ ogun Japan ká wọn mọ́ etí odò Kaladan. Ìbọn fọ́ itan rẹ̀, ọta bà á níkùn. Òun àti David Kargbo, ọmọ Sierra Leone, ló ṣẹ́kù sínú igbó. Àgbẹ̀ Mùsùlùmí kan, Shuyiman, àti ìyàwó rẹ̀ ló ń bọ́ wọn, tí wọ́n tún gbé wọn pamọ́ sílé títí di oṣù kejìlá, tí àwọn ọmọ ogun Gurkha fi débẹ̀. Bí àwọn ará Japan bá mọ̀, ikú ni fún tọkọtaya. Àgbẹ̀ bíi tèmi! Kí ló fẹ́ rí gbà lọ́wọ́ àlejò tí kò lè dìde nílẹ̀?

Bàbá yìí tiro wálé, ó ṣe iṣẹ́ ìjọba títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ní 2011, oníròyìn kan, Barnaby Phillips, mú lẹ́tà rẹ̀ lọ bá àwọn ọmọ Shuyiman. Shuyiman ti kú. Bàbá Fadoyebo náà kú ní 2012. Ká ní kò kọ ọ́ ni, èmi ì bá má gbọ́ orúkọ rẹ̀ rárá.

Àbúrò bàbá mi náà lọ sí Bọ́má. Bí a bá bi í léèrè, òjò ibẹ̀ nìkan ló máa ń sọ. Nígbà tí wọ́n ń tún ilé kọ́ lẹ́yìn ikú rẹ̀, àpótí onírin rẹ̀, ti mẹ́dà ti ìwé tí wọ́n fi dá a sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, bá àwọn tó ń ra irin àlòkù lọ. Owó gàárì ni wọ́n rí níbẹ̀.

Nígbà ogun yẹn kan náà, wọ́n ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn ìyá wa ní ọjà Abẹ́òkúta. Gbogbo wa la mọ bí ìyá wa Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣe dìde sí i. A mọ̀ ọ́n nítorí pé wọ́n kọ ọ́. Wọlé Ṣóyínká pàápàá fi ìjà àwọn obìnrin náà sínú ìwé rẹ̀ lórí Aké. Àwọn tó lọ síbi ogun gan-an ńkọ́?

Ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá la ti ń rántí wọn tẹ́lẹ̀. Ìjọba gbé e lọ sí ọjọ́ 15 oṣù kìíní, ọjọ́ tí ogun abẹ́lé parí ní 1970. N kò bá wọn jà, àwọn tó kú sí ogun yẹn náà tọ́ sí ìrántí. Ṣùgbọ́n Bọ́má ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́.

Mo bẹ àwọn olóyè Aké, Òkè-Ọnà, Gbágùrá àti Òwu pé kí agbolé kọ̀ọ̀kan kó orúkọ tirẹ̀ wá, kí a sì kà wọ́n sókè ní Ọjọ́ Lísàbí tó ń bọ̀, kí àwọn ẹlẹ́ṣin tó kọjá. Ẹ̀yin tí àpótí bàbá yín ṣì wà lábẹ́ ibùsùn, ẹ ṣí i wò kí ẹ tó tà á.

Òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì tó di àgbẹ̀,
Aké, Abẹ́òkúta.