Ẹ Wò Ó Kí Ẹ Tó Pa Á Dé

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí. Kí ìyá kankan má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ mẹ́káníìkì kò kan òun, nítorí owó oúnjẹ ni a sábà máa ń mú tún ọkọ̀ ṣe.

Ọkọ ìyá kan ní àdúgbò wa kú, ó fi Volkswagen àtijọ́ sílẹ̀, èyí tí a ń pè ní Ìjàpá. Ìyá náà kò fẹ́ kí ohun ìrántí bàbá àwọn ọmọ rẹ̀ jẹrà sí ẹ̀yìnkùlé. Ó ta aṣọ òkè méjì, ó kó owó fún mẹ́káníìkì kí ó tú ẹ́ńjìnnì náà palẹ̀, kí ó sì tún un tò. Wọ́n tò ó tán, ọkọ̀ ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kò lágbára. Bí ó bá dé ẹsẹ̀ òkè, a máa wúkọ́ bí arúgbó. Wọ́n ní púlọ́ọ̀gì ni. Ìyá ra púlọ́ọ̀gì. Wọ́n ní kábúrétọ̀ ni. Ìyá ra kábúrétọ̀. Pàbó ni.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Irin gbọọrọ méjì ni ó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì yìí. Èkíní ni kiránkì, tí àwọn písítìnnì ń yí. Èkejì ni kámúṣáfùtì, tí ó ń ṣí fáàfù kan kí afẹ́fẹ́ àti epo lè wọlé, tí ó sì ń ṣí òmíràn kí èéfín lè jáde. Jíà ni ó so wọ́n pọ̀. Bí kiránkì bá yí lẹ́ẹ̀mejì, kámúṣáfùtì a yí lẹ́ẹ̀kan. Èmi tí mo ń pèrun mọ bí ọ̀rọ̀ àkókò ti rí: ẹni tí ó kírun Mọ̀gàríbì kí oòrùn tó wọ̀, asán ni ó ṣe. Bẹ́ẹ̀ náà ni fáàfù tí ó ṣí kí àkókò rẹ̀ tó tó. Nínú ẹ́ńjìnnì mìíràn, bí ó bá yẹ̀ púpọ̀, písítìnnì a kọlu fáàfù, fáàfù a sì tẹ̀.

Àwọn tí ó ṣe Ìjàpá fi àmì sí i. Eyín méjì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lára jíà kiránkì ní àmì kékeré. Eyín kan lára jíà kámúṣáfùtì ní àmì tirẹ̀. Eyín kan yìí gbọ́dọ̀ bọ́ sáàárín méjì yẹn gẹ́lẹ́. Kí mẹ́káníìkì wá fi ọwọ́ yí kiránkì lẹ́ẹ̀mejì gbáko, kí ó wò ó bóyá àmì náà tún pàdé. Lẹ́yìn èyí ni kí ó tó pa á dé. Inú ikùn ẹ́ńjìnnì ni àmì yìí wà. Bí a bá ti dé e bí igbá, ojú kò rí i mọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ tún un ṣe, àfi kí ó sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀, kí ó tún tú gbogbo rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n tú ti ìyá wa, eyín kan péré ni ó fi yẹ̀. Ọ̀gá mẹ́káníìkì ní kí ìyá san owó iṣẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ẹjọ́ dé iwájú wa ní mọ́sálásí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. A bi ọmọ iṣẹ́ léèrè. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní: "Ẹ má bínú, ẹ̀yin bàbá. Mo pe ọ̀gá kí wọ́n wá wò ó kí n tó pa á dé. Wọ́n ní kí n yára, pé oníbàárà mìíràn ń dúró."

Ọ̀gá náà dorí kodò. Nígbà tí ó gbójú sókè, ó ní: "Òótọ́ ni ọmọ náà sọ. Èmi ni mo jẹ gbèsè." Ó tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì dá owó kábúrétọ̀ padà fún ìyá.

Ẹ̀yin ìyá, bí ẹ bá gbé ẹ́ńjìnnì fún ẹni tí yóò tún un tò, ẹ ní kí ó pè yín kí ó tó pa á dé, kí ó sì fi àmì náà hàn yín. Kò di ìgbà tí ẹ bá kọ́ṣẹ́ mẹ́káníìkì. Ojú lásán tó o. Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, àmáánà ni ohun tí ẹ pa dé. Oníbàárà kò rí inú rẹ̀, ṣùgbọ́n Ọlọ́hun rí i. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, ín ṣáà Àlááhù.