Ta Ni Yóò Pa Àlọ́ fún Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó?

Nígbà tí àwa wà ní kékeré ní Ìsàlẹ̀ Èkó, bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ìyá àgbà a jókòó sí ẹnu ọ̀nà agboolé láti pa àlọ́. Lónìí, ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán ni ó wà ní ipò ìyá àgbà. Ọmọ ọdún márùn-ún mọ Tom àti Jerry dáadáa, ṣùgbọ́n bí a bá bi í léèrè Ìjàpá àti Yánníbo, ojú wa ni yóò máa wò.

Àwa kò wá láti dá kàtúùnù òkèèrè lẹ́bi. Nínú Superbook, tí wọ́n yà ní Japan ní 1981, ni ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ti kọ́kọ́ fi ojú rí Mósè àti Dáfídì. Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti àlejò tí ó sọ̀rọ̀. Ti onílé tí ó dákẹ́ ni. Àwa òbí ni a ní èdè Yorùbá yóò dí ọmọ lọ́wọ́ ìwé. Ọlọ́run pàṣẹ fún àwọn òbí Ísírẹ́lì pé kí wọ́n máa fi ẹnu ara wọn kọ́ ọmọ wọn nínú ilé. Kò ní kí wọ́n fi iṣẹ́ náà rán ẹlòmíràn.

Àwọn kan ti ń gbìyànjú. Adamu Waziri gbé Bino and Fino jáde láti Àbújá. Ní oṣù Kejì 2024, Disney àti Kugali gbé Iwájú jáde, eré alápá mẹ́fà nípa Èkó ti ọjọ́ iwájú. Inú wa dùn sí i. Ṣùgbọ́n nínú eré náà, ibùgbé olówó ni Erékùṣù. Àwa tí a mọ yàrá tóóró tí ènìyàn mẹ́jọ ń sùn ní Ìsàlẹ̀ Èkó mọ̀ pé ìtàn náà kù síbì kan. Ta ni yóò sọ ìyókù, bí kò ṣe ọmọ tí a bí síbẹ̀?

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde ẹlẹgbẹ́ wa, kí a tó rán aṣọ ẹbí àjọ̀dún yìí, ẹ jẹ́ kí sẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan ra kọ̀ǹpútà kan fún ilé-ẹ̀kọ́ wa, kí àwọn ọmọ fi kọ́ bí a ti ń ya kàtúùnù. Kí a sì pe àwọn àgbà àdúgbò wá pa àlọ́ fún wọn, kí wọ́n lè rí ohun tí wọn yóò yà. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.