Ọ̀RỌ̀ INÚ ILÉ: Níbo ni Ìwé Ìkọ̀sílẹ̀ Náà Wà?

Ọ̀rọ̀ tí a óò bá yín sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ayọ̀. Ẹni tí ìgbéyàwó rẹ̀ tú ká kì í fẹ́ kí a máa rán òun létí. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá fi ìtìjú bò mọ́lẹ̀ ni ó máa ń di ẹjọ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ, nítorí náà kò yẹ kí a dákẹ́.

Ìwé kan dé ọwọ́ wa láti ọ̀dọ̀ ìyá kan tí ó ń ta aṣọ. Ó ní ó ti ju ọgbọ̀n ọdún lọ tí òun àti ọkọ òun àkọ́kọ́ ti kọ ara wọn sílẹ̀ ní kọ́ọ̀tù. Nísinsìnyí, ọkùnrin kan tí aya rẹ̀ ti kú fẹ́ gbé e níyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n àlùfáà ní kí ó kọ́kọ́ mú ìwé ìkọ̀sílẹ̀ wá kí òun tó kéde orúkọ wọn. Ìyá náà bi wá pé, "Gbogbo àdúgbò ni ó mọ̀ pé mo ti kó jáde nílé ọkùnrin náà. Ṣé ẹ̀rí gbogbo àdúgbò kò tó ìwé kan ṣoṣo ni?"

Ìyá wa, kò tó o. Àlùfáà yín kò sì ṣe àṣejù. Òfin ìgbéyàwó ilẹ̀ wa sọ pé bí ẹni tí ó ṣì jẹ́ aya tàbí ọkọ ẹnìkan lábẹ́ òfin ìbílẹ̀ bá lọ bá ẹlòmíràn ṣe ìgbéyàwó ti ìjọba, ìgbéyàwó kejì náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ rárá, adájọ́ sì lè rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 5. Bí kò bá sí ìwé, ta ni yóò jẹ́rìí fún yín ní ọjọ́ tí ẹnìkan bá dìde láti ṣe àtakò? Àwọn tí ó mọ̀ nígbà náà ń kú lọ. Àwọn tí ó kù lè gbàgbé, wọ́n sì lè yí ohùn padà. Láti ayé Mósè ni ó ti rí bẹ́ẹ̀: nínú ìwé Deuteronomi orí 24, ìwé ni ọkùnrin ń kọ lé obìnrin lọ́wọ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo bí a ti ń wá irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí.

Ohun èkíní ni kí ẹ mọ irú ìgbéyàwó tí ẹ ṣe, nítorí òun ni yóò fi kọ́ọ̀tù hàn yín. Bí ó bá jẹ́ ìdána nìkan ni àwọn ẹbí ṣe, tí wọ́n gba owó orí, tí wọ́n sì fa ìyàwó lé ọkọ lọ́wọ́, ìgbéyàwó ìbílẹ̀ ni, kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀ ni a sì ń gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ. Bí ó bá jẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba ni, tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì tí ó gba àṣẹ ìjọba, tí ẹ sì fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó, Ilé-Ẹjọ́ Gíga ni ó ní agbára láti tú u ká, gẹ́gẹ́ bí òfin ọdún 1970 tí a ń pè ní Matrimonial Causes Act. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti kọsẹ̀ níhìn-ín. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó nínú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì lọ tú u ká ní kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ yá níbẹ̀, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Ìwé tí wọ́n gbà níbẹ̀ kò lè tú ìgbéyàwó náà ká, bí ó ti wù kí òǹtẹ̀ ara rẹ̀ pọ̀ tó. Tọkọtaya ni wọ́n ṣì jẹ́ lójú òfin.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni gbígbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kì í ṣe ìkọ̀sílẹ̀. Bí àwọn tí ó ṣe ìgbéyàwó ti ìjọba bá ti gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọdún 3 ní àtẹ̀léra, òfin gbà kí ọ̀kan nínú wọn fi èyí ṣe ìdí láti tọ Ilé-Ẹjọ́ Gíga lọ. Ṣùgbọ́n bí wọn kò bá lọ, ogún ọdún kò lè sọ ara rẹ̀ di ìwé. Ní ti ìgbéyàwó ìbílẹ̀, àwọn ẹbí méjèèjì lè jókòó pọ̀, kí wọ́n dá owó orí padà, kí ọ̀rọ̀ náà sì parí síbẹ̀ láìdé kọ́ọ̀tù. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tiyín rí, ẹ má ṣe máa wá ìwé tí a kò kọ rí kiri. Ẹ tọ àwọn àgbà tí ó wà níbẹ̀ lọ nígbà tí wọ́n ṣì wà láàyè, kí agbẹjọ́rò sì bá yín kọ ẹ̀rí wọn sílẹ̀ pẹ̀lú ìbúra.

Ohun èkejì ni kí ẹ mọ kọ́ọ̀tù náà gan-an. Ẹni tí ó fi Nàìjíríà ṣe ibùgbé lè gbé ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ lọ sí Ilé-Ẹjọ́ Gíga ti ìpínlẹ̀ èyíkéyìí. Nítorí náà ẹni tí ó gbéyàwó ní Abẹ́òkúta, tí ó sì ń gbé ní Ìbàdàn, lè jẹ́ pé Èkó ni ìwé rẹ̀ wà. Ibi tí a ti pe ẹjọ́ ni kí ẹ béèrè, kì í ṣe ibi tí a ti jẹ ìyàwó.

Ẹ rántí pẹ̀lú pé orúkọ kọ́ọ̀tù a máa yí padà, ààlà ìpínlẹ̀ a sì máa yí padà. Òfin ọdún 1957 ní Ìwọ̀-Oòrùn ni ó sọ àwọn kọ́ọ̀tù tí a ń pè ní Native Court nígbà ìjọba àwọn òyìnbó di Customary Court, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí orúkọ àtijọ́ tí ó wà lára ìwé dà yín láàmú. Ní 1976 ni a pín Ìwọ̀-Oòrùn sí Ọ̀yọ́, Ògùn àti Oǹdó. Ní 1991 ni a yọ Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́. Ní 1996 ni a yọ Èkìtì kúrò lára Oǹdó. Ẹni tí a dá ẹjọ́ rẹ̀ ní Òṣogbo ní 1988, abẹ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni a ti dá a. Ẹni tí a dá tirẹ̀ ní Adó-Èkìtì ní 1990, abẹ́ Oǹdó ni. Bí wọ́n bá sọ fún yín ní Òṣogbo pé àwọn kò rí i, ẹ tún béèrè ní Ìbàdàn kí ẹ tó sọ ìrètí nù.

Ohun ẹ̀kẹta ni ọdún, nọ́ńbà àti orúkọ. Gbogbo ẹjọ́ ni ó ní nọ́ńbà tirẹ̀, ọdún tí a pe ẹjọ́ náà a sì máa wà lára nọ́ńbà náà. Ẹ wá a lára ìwé ìpẹ̀jọ́, lára rìsíìtì, tàbí lọ́wọ́ agbẹjọ́rò tí ó bá yín ṣe é. Bí ẹ kò bá rí nọ́ńbà, ẹ wá ọdún. Àwọn òbí wa kì í fi kàlẹ́ńdà ka ọdún, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Bí ìyá bá ní, "Ọdún tí mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí rìn ní apá ọ̀tún ni," 1972 ni. Bí ó bá ní, "Ọdún tí a bẹ̀rẹ̀ sí ná náírà," 1973 ni. Bí ó bá jẹ́ ará Ìbàdàn, tí ó sì ní ọdún tí omíyalé Ògùnpa pa ènìyàn púpọ̀ ni, 1980 ni. Láti ibẹ̀ ni kí ẹ ti ka iwájú àti ẹ̀yìn.

Ní ti orúkọ, ẹ kọ gbogbo ọ̀nà tí ó ṣeé ṣe kí akọ̀wé ìgbà náà gbà kọ ọ́. Ẹni tí ń jẹ́ Ṣódípọ̀, ẹ wá a lábẹ́ Sodipo, kí ẹ sì tún wá a lábẹ́ Shodipo. Ẹni tí ń jẹ́ Fágbèmí nígbà náà lè ti di Olúgbèmí lẹ́yìn tí ó ṣe ìrìbọmi. Obìnrin lè wà nínú ìwé pẹ̀lú orúkọ baba rẹ̀, ó sì lè wà níbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ọkọ tí ó ń kọ̀.

Nígbà tí ẹ bá ti kó nǹkan wọ̀nyí jọ, ẹ kọ ìwé ìbéèrè sí Rẹ́jísítírà kọ́ọ̀tù náà. Ẹ kọ orúkọ ọkọ àti aya, ibi tí wọ́n ti gbéyàwó àti ọdún rẹ̀, kọ́ọ̀tù tí ó dá ẹjọ́ náà, nọ́ńbà ẹjọ́ bí ẹ bá ní in, ìbátan yín pẹ̀lú ẹjọ́ náà, àti ohun tí ẹ fẹ́ fi ìwé ṣe. Èmi tí mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún jókòó ti ìwé ní ọ́fíìsì mọ̀ pé ìwé ìbéèrè tí ó ní ọdún àti nọ́ńbà nínú ni akọ̀wé máa ń fẹ́ kọ́kọ́ dìde fún. Èyí tí ó bá wí pé "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá ìkọ̀sílẹ̀ mi" nìkan, orí tábìlì ni ó ń pẹ́ sí. Ẹ má ṣe bá akọ̀wé jà. Ẹ fún un ní ohun tí yóò fi wá a.

Ẹ̀dà tí kọ́ọ̀tù jẹ́rìí sí ni kí ẹ béèrè, èyí tí wọ́n ń pè ní Certified True Copy. Òfin ẹ̀rí ti ọdún 2011 sọ pé òṣìṣẹ́ ìjọba tí ìwé gbogbo-ènìyàn wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ fún ẹni tí ó lẹ́tọ̀ọ́ láti wò ó ní ẹ̀dà rẹ̀, bí ó bá san owó tí òfin là sílẹ̀. Nísàlẹ̀ ẹ̀dà náà ni kí a kọ pé òtítọ́ ni, pẹ̀lú ọjọ́, ìbuwọ́lùwé, orúkọ àti ipò ẹni tí ó buwọ́ lù ú. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ṣaláìsí, ẹ dá a padà lójú ẹsẹ̀. Ẹ gba rìsíìtì owó yín, ẹ má sì ṣe fi kọ́bọ̀ kan lé ọwọ́ àwọn tí ń dúró lábẹ́ igi ní ìta kọ́ọ̀tù tí wọ́n ń ṣèlérí pé ìwé yóò jáde kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìwé èké lè mú yín dé ibi tí àìní ìwé kò lè mú yín dé.

Bí ó bá jẹ́ Ilé-Ẹjọ́ Gíga ni, ẹ ṣọ́ra, nítorí àṣẹ méjì ni ó wà. Èkíní ni decree nisi: adájọ́ ti gbọ́ ẹjọ́, ó sì ti gbà, ṣùgbọ́n ìgbéyàwó kò tíì tú. Lẹ́yìn oṣù 3 ni ó ń di decree absolute bí ohunkóhun kò bá dí i lọ́wọ́. Ó sì lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ bí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ kékeré bá wà níbẹ̀. Èkejì yìí ni àlùfáà ń béèrè. Ẹni tí ó mú èkíní nìkan wá kò tíì fi hàn pé òun ti dòmìnira.

Ní ti àwọn ọmọ wa tí ó kọ ara wọn sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù tàbí níbòmíràn ní Ẹ́ńgílándì, kọ́ọ̀tù ọ̀hún ni kí wọ́n kọ̀wé sí. Àkọsílẹ̀ ìkọ̀sílẹ̀ ti Ẹ́ńgílándì àti Wales wà láti ọdún 1858. Láti oṣù kẹrin ọdún 2022, final order ni wọ́n ń pe ohun tí wọ́n ń pè ní decree absolute tẹ́lẹ̀ níbẹ̀, nítorí náà kí àlùfáà má ṣe kọ ìwé tuntun nítorí orúkọ tuntun.

Bí wọ́n bá wá a tì ńkọ́? Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn wá a, àwọn kò sì rí i. Ẹ tọ agbẹjọ́rò yín àtijọ́ lọ, ẹ sì tọ ẹnì kejì inú ẹjọ́ náà lọ, bí àlàáfíà bá wà. Ní ti ẹjọ́ ìgbà ìjọba àwọn òyìnbó, ẹ lè béèrè ní National Archives nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Kenneth Dike dá sílẹ̀ ní 1954. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìwé àwọn ajẹ́lẹ̀ àtijọ́ wà. Ṣùgbọ́n àwọn ìwé mìíràn wà tí a kò lè rí mọ́. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹwàá ọdún 2020, a dáná sun Ilé-Ẹjọ́ Gíga ti Igbóṣeré ní Èkó, ìwé ẹjọ́ púpọ̀ sì di eérú ní ọjọ́ kan. Ẹni tí ó ti gba ẹ̀dà tirẹ̀ sílé ṣáájú ọjọ́ náà ṣe ohun ọlọ́gbọ́n.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, ẹ má ṣe dúró di ìgbà tí ọkọ tuntun bá dé, tàbí di ìgbà tí baba bá kú, tí àwọn ọmọ ìyàwó méjì bá ń jiyàn lórí ilé. Ẹ lọ gba ẹ̀dà méjì nísinsìnyí tí kò sí ìjà. Ẹ fi ọ̀kan sínú àpótí, ẹ fi èkejì sọ́dọ̀ ọmọ tí ó ní làákàyè, kí ẹ sì sọ fún un ohun tí ó jẹ́. Ìtìjú ọjọ́ kan ni èyí. Ẹjọ́ tí kò ní ìwé a máa jẹ́ ti ìran méjì.

Ó dìgbà.