Ọdún Kì í Ṣe Ọjà

Ẹni tó bá gba orí Plumstead Common kọjá lónìí lè má mọ̀ pé wọ́n ti fi ọgbà yí apá kan ibẹ̀ ká rí. Ní ọdún 1876, àwọn ará àdúgbò wó ọgbà náà, nítorí wọ́n ní ilẹ̀ gbogbo ènìyàn ni. Ní ọdún 1878, òfin fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ fún ará ìlú. Lójú tèmi, bó ṣe yẹ kí ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú náà rí nìyẹn: kí olówó má ní ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Àmọ́, ẹnu ọ̀nà bẹ́ẹ̀ wà rí. Láti ọdún 2008 títí di ọjọ́ 17 oṣù Kejì ọdún 2022, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń fún àwọn olùdókòwò ní fíísà. Nígbà tí wọ́n fi máa fòpin sí i, ẹni tó fi mílíọ̀nù 2 pọ́n-ùn dókòwò yóò lo ọdún 5 kó tó lè béèrè fún ìwé ìgbélùú títí láé. Mílíọ̀nù 5 sọ ọ́ di ọdún 3. Mílíọ̀nù 10 sọ ọ́ di ọdún 2 péré. Ẹ ò rí i pé ọdún gan-an ni wọ́n ń tà! Ìjọba ní ọ̀rọ̀ ààbò ló mú kí àwọn fòpin sí i, pé owó àwọn kan kò mọ́. Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ká tilẹ̀ ní owó gbogbo wọn mọ́, n kò ní fara mọ́ ọn.

Ẹ wo òṣìṣẹ́ kọ̀ǹpútà tó wá láti Ìbàdàn, tó ń gbé Plumstead pẹ̀lú fíísà iṣẹ́. Láti oṣù Kejì ọdún 2024, owó ìlera tí ìjọba ń gbà lọ́wọ́ irú rẹ̀ ti di £1,035 lọ́dún. Fún ọdún 5, £5,175 nìyẹn, yàtọ̀ sí owó fíísà fúnra rẹ̀. Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa dín ọjọ́ kan kù fún un.

Ibi tí òfin ti fojú kan náà wo olówó àti òṣìṣẹ́ ni kíka ọjọ́: wọn kò gbọdọ̀ lò ju ọjọ́ 180 lọ lẹ́yìn odi láàárín oṣù 12. Apá yìí ni mo fara mọ́, bó tilẹ̀ le. Ìsìnkú ní Ìbàdàn, ìgbéyàwó ní Èkó, ọjọ́ á máa lọ. Ẹni tí kò bá kọ ọjọ́ tó jáde àti ọjọ́ tó wọlé sílẹ̀ ni yóò máa wá tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú àtijọ́ kiri lọ́dún karùn-ún. "Títí láé" náà ní ààlà: lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tó bá gba ìwé náà, tó wá fi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ ju ọdún 2 lọ láìpadà, yóò pàdánù rẹ̀, ì báà jẹ́ mílíọ̀nù 10 ló fi gbà á.