Ì Bá Ṣe Pé: Ìtàn Ìrìnàjò Inú Àkókò àti Ẹ̀kọ́ Yorùbá ní Marcory

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2014 ni a ṣí afárá kẹta tí ó ré kọjá ọ̀sà Ébrié ní ìlú Abidjan, ní orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire. Ìpẹ̀kun rẹ̀ kan wà ní Riviera ní àgbègbè Cocody, èkejì sì wà ní Marcory. Orúkọ Henri Konan Bédié, ẹni tí ó ṣe ààrẹ láti ọdún 1993 sí 1999, ni a fi sọ ọ́. Ìjọba Bédié fúnra rẹ̀ ti ṣètò afárá yìí, ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì ọdún 1999 ni àwọn ológun dìtẹ̀, tí wọ́n gba ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀, iṣẹ́ sì dúró. Ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 2002. Òmíràn tún tẹ̀lé ìdìbò ọdún 2010. Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀ ni a tó rí afárá náà kọ́, lábẹ́ ìjọba Alassane Ouattara.

Ẹni tí ó ń gbé Marcory ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, tí ó sì ní láti gba Treichville kí ó tó lè gun ọ̀kan nínú afárá méjì àtijọ́ lọ sí Plateau, kò ní ṣàì sọ gbólóhùn kan: ì bá ṣe pé àwọn ológun kò gbàjọba ni, afárá kẹta ì bá ti wà tipẹ́. Gbólóhùn tí ó rọrùn lẹ́nu àgbà ni. Ṣùgbọ́n irú gbólóhùn yìí wà lára ohun tí ó ń tètè sọnù lẹ́nu ọmọ tí èdè mìíràn ti gba ilé-ẹ̀kọ́ àti àdúgbò rẹ̀.

Marcory kì í ṣe ilẹ̀ àjòjì fún Yorùbá. Anango ni wọ́n ń pe àwọn Yorùbá ní Côte d'Ivoire, púpọ̀ nínú wọn ni ó sì ti Èjìgbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wá, débi pé ọkọ̀ ń gbéra ní Èjìgbò tààrà lọ sí Abidjan, tí a sì ń gbọ́ èdè Faransé nínú ọjà Èjìgbò. Ọmọ tí a bí sí irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Marcory ń gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ìyá rẹ̀, ó sì ń fi Faransé kàwé. Ní ilé-ẹ̀kọ́, a ń kọ́ ọ bí ọ̀rọ̀-ìṣe Faransé ṣe ń pa ìrísí dà kí ó tó lè sọ ohun tí kò ṣẹlẹ̀ ṣùgbọ́n tí ó yẹ kí ó ti ṣẹlẹ̀. Nígbà tí ó bá padà délé, tí ó rí i pé ‘lọ’ ni ‘lọ’ lánàá, ‘lọ’ náà ni lónìí, ó lè rò pé èdè ìyá òun kò ní ibi tí a ń kó irú èrò bẹ́ẹ̀ sí.

Àṣìṣe ni èrò yìí, ó sì ṣeni láàánú pé àwọn olùkọ́ kan kò tètè tú u ká. Yorùbá ya ohun tí ó ṣì lè ṣẹ sọ́tọ̀ gedegbe kúrò lára ohun tí ìgbà ti kọjá lórí rẹ̀. ‘Bí wọ́n bá kọ́ afárá, ọ̀nà yóò yá’: a kò tíì mọ̀, ìrètí ṣì wà. ‘Wọn ì bá kọ́ afárá, ọ̀nà ì bá yá’: wọn kò kọ́ ọ, ọ̀nà kò sì yá. Ọmọ tí ó bá ń sọ pé ‘bí mo bá mọ̀, màá tètè wá’ nígbà tí ohun tí ó ní lọ́kàn jẹ́ ‘ǹ bá mọ̀, ǹ bá tètè wá’ ti sọ àbámọ̀ di ìlérí. Kì í ṣe àṣìṣe kékeré. Síbẹ̀, ìwé gírámà kì í sábà fún wúnrẹ̀n yìí ju gbólóhùn méjì tàbí mẹ́ta lọ, àwọn gbólóhùn náà a sì máa gbẹ bí ẹran àgbẹ́gbin.

Ohun tí ó lè mú ọmọ fi ‘ì bá’ kún ẹnu tinútinú ni ìtàn tí gbogbo ìṣẹ̀lẹ̀ inú rẹ̀ dúró lé ‘ì bá’. Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ti wà: òun ni ìtàn àròsọ onísáyẹ́ǹsì tí ènìyàn ti ń rin ìrìnàjò lọ sínú àná tàbí sínú ọ̀la. Ní ọdún 1895, H. G. Wells, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ìwé kan nípa ẹ̀rọ tí ó gbé ọkùnrin kan lọ sí ọdún 802,701. Ọ̀la ni ọkùnrin náà lọ, kò sì fọwọ́ kan àná. Àwọn tí ó kọ̀wé lẹ́yìn rẹ̀ ni ó da ìbéèrè tí ó le sílẹ̀: bí ènìyàn bá padà sí àná, ṣé ó lè yí i padà?

Ìdáhùn mẹ́ta ni ó gbilẹ̀ jù, olùkọ́ sì gbọ́dọ̀ mọ ìyàtọ̀ wọn kí ó tó gbé ìtàn wọ kíláàsì, nítorí pé òfin tí ìtàn bá yàn ni ó ń pinnu gbólóhùn tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò lò.

Òfin kìíní ni pé àná kò ṣé yí. Ohun yòówù tí arìnrìnàjò bá ṣe lọ́hùn-ún, ó ti wà nínú ìtàn kí ó tó gbéra. Octavia Butler, òǹkọ̀wé aláwọ̀dúdú ará Amẹ́ríkà, lo òfin yìí nínú Kindred ní ọdún 1979. Ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Dana, tí ó ń gbé California ní 1976, ń bá ara rẹ̀ ní oko ẹrú ní Maryland láyé àtijọ́. Ọmọ olóko kan tí ń jẹ́ Rufus ni ó ń gbà lọ́wọ́ ikú léraléra, bẹ́ẹ̀ òun àti Rufus ni yóò sì wá di ìran kan náà: bí Rufus bá kú kí ó tó bí ọmọ tí Dana ti ṣẹ̀ wá, kò sí Dana. Kò yí ohunkóhun padà nínú òwò ẹrú. Ìtàn ni ó mú ohun kan lára rẹ̀, nítorí pé apá rẹ̀ kan gé nígbà tí ó padà wálé níkẹyìn.

Òfin kejì ni pé àná ṣé yí, ṣùgbọ́n okùn kan ṣoṣo ni ìtàn. Ibi tí a bá já a, gbogbo ohun tí ó tẹ̀lé e yóò mì. René Barjavel, ọmọ ilẹ̀ Faransé, gbé èyí kalẹ̀ ní ọdún 1944 nínú Le Voyageur imprudent. Arìnrìnàjò rẹ̀ lọ sí Toulon ní 1793 láti pa Bonaparte nígbà tí ó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́. Ọmọ ogun mìíràn ni ìbọn bà, ọmọ ogun náà sì jẹ́ bàbá ńlá arìnrìnàjò, tí kò tíì bímọ. Ta wá ni ó yìnbọn? Bí a kò bá bí apànìyàn, kò sí ẹni tí yóò pa bàbá ńlá. Bí bàbá ńlá kò bá kú, a ó bí apànìyàn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gbọ́ àlọ́ àpamọ̀ dàgbà yóò mọ adùn irú kókó báyìí.

Ṣùgbọ́n ìtàn tí ó yẹ kí olùkọ́ èdè fẹ́ràn jù nínú ẹ̀ka yìí ni ti Ray Bradbury, tí ó jáde ní Amẹ́ríkà ní 1952. Àwọn ọdẹ olówó ni wọ́n san owó láti lọ pa ẹranko ńlá kan tí irú rẹ̀ ti run tipẹ́. A kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe kúrò lórí ọ̀nà tí a là fún wọn. Ẹ̀rù ba ọ̀kan, ó yà bàrá, ó sì tẹ labalábá kan pa láìmọ̀. Nígbà tí wọ́n padà dé, ẹni tí kò wọlé nínú ìdìbò nígbà tí wọ́n ń lọ ni ó ti wọlé. Kí ọdẹ náà tó mọ ọ̀rọ̀ ìdìbò yìí, ohun kan ti kọ́kọ́ ta á lójú: àkọlé ara ògiri. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́ síbẹ̀, ṣùgbọ́n àkọtọ́ rẹ̀ ti yí padà pátápátá. Bradbury mọ̀ pé ara èdè ni ìyípadà ìtàn ti kọ́kọ́ ń hàn. Olùkọ́ Yorùbá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò labalábá láti gbà á gbọ́: ilẹ̀ Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Abẹ́òkúta bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọmọ tí èdè àwọn bàbá ńlá wọn jẹ́ ọ̀kan sì ń fi ìlànà àkọtọ́ méjì kọ ọ́ lónìí.

Òfin kẹta ni pé àná kì í parẹ́. Ńṣe ni ọ̀nà ń ya. Bí arìnrìnàjò bá ṣe ohun tí kò sí tẹ́lẹ̀, ayé mìíràn bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, ti àkọ́kọ́ sì ń bá tirẹ̀ lọ. Èrò tí Hugh Everett, onímọ̀ físíìsì, gbé jáde ní 1957 ni ó fún àwọn òǹkọ̀wé ní ìgboyà láti lò ó. Ó sún mọ́ èyí pé kí òǹkọ̀wé má lo ẹ̀rọ rárá, kí ó kàn gba oríta tí ìtàn kò gbà. Abdourahman Waberi, ọmọ Djibouti, ṣe bẹ́ẹ̀ ní èdè Faransé ní 2006: ó kọ ìwé tí Áfíríkà ti jẹ́ ọlọ́rọ̀, tí àwọn òtòṣì Yúróòpù sì ń sá wá síbẹ̀. Bernardine Evaristo, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, ṣe tirẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì ní 2008 nínú Blonde Roots, níbi tí àwọn aláwọ̀dúdú ti ń kó àwọn aláwọ̀funfun lẹ́rú. Ìwé méjèèjì ni ó yẹ kí olùkọ́ kà, bí kò tilẹ̀ lè gbé wọn fún àwọn ọmọdé.

Àwọn kan yóò takò ó pé nǹkan òyìnbó nìyí, pé Yorùbá gbà pé àyànmọ́ kò gbóògùn, nítorí náà kò sí àná tí a ń tún ṣe. Ìdajì òtítọ́ ni. Ẹni tí ó bá ti ka ìtàn àwọn mẹ́ta tí wọ́n lọ yan orí ní ilé Àjàlá mọ̀ pé Oríṣeékú àti Orílèémèrè dé ibẹ̀, Afùwàpẹ́ náà dé ibẹ̀. Afùwàpẹ́ tí ó dífá, tí ó sì rúbọ ni ó mú orí tí ó dára. Àyànmọ́ wà, oríta sì wà nínú àyànmọ́. Àwọn tí ń ki Èṣù ní tiwọn kò tilẹ̀ dúró de ẹ̀rọ Wells: nínú oríkì òrìṣà yìí, òkò òní ń ba ẹyẹ àná. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé àjòjì ni irú èrò bẹ́ẹ̀ nínú èdè yìí. Fíìmù Nàìjíríà kan, Day of Destiny, tí ó jáde ní 2021, ti fi hàn pé àwọn ọ̀dọ́ ń fẹ́ ẹ. Ohun tí ó kù ni kí a rí i kọ ní Yorùbá.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí afárá. Kí olùkọ́ ní Marcory sọ fún kíláàsì pé arìnrìnàjò kan ti Èjìgbò lọ sí Abidjan, ní oṣù Kejìlá ọdún 1999, láti dá ìdìtẹ̀ náà dúró. Kí ó pín àwọn ọmọ sí ọ̀nà mẹ́ta, kí ó fún ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ní òfin kan. Àwọn olófin kìíní kò ní ‘ì bá’ láti lò. ‘Ti … tẹ́lẹ̀’ ni iṣẹ́ wọn: ariwo tí arìnrìnàjò pa ni ó ti jí àwọn ọmọ ogun tẹ́lẹ̀. Àwọn olófin kẹta yóò fi ‘níhìn-ín’ àti ‘lọ́hùn-ún’ sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ àwọn olófin kejì ni ó le jù, òun ni ó sì dùn jù. Bí wọ́n bá ronú dáadáa, wọn yóò rí i pé bí Bédié bá kọ́ afárá náà parí fúnra rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ó má jẹ́ orúkọ Bédié. Ọmọ kan lè sọ pé ojú ọ̀nà àtijọ́, nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ orí afárá Treichville, ni bàbá òun ti pàdé ìyá òun: afárá kẹta ì bá tètè dé, a kì bá tí bí òun. Nígbà náà ni gírámà wọ ẹran ara.

Ìkìlọ̀ kan pọn dandan. Ọdún 2002 sí 2011 kì í ṣe ohun eré fún gbogbo ilé ní Abidjan. Àwọn kan pàdánù ènìyàn. Àwọn Yorùbá mìíràn kó ẹrù padà sílé láìmọ̀ bóyá wọn yóò tún padà wá. Olùkọ́ tí kò mọ ilé tí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ti wá kò gbọdọ̀ ní kí ó ‘tún’ ọdún wọ̀nyẹn ‘ṣe’ lórí pátákó. Ìdí nìyí tí afárá fi sàn ju ojú ogun lọ.

Olùkọ́ tí ó wà ní Nàìjíríà kò nílò afárá Abidjan. Ìlànà tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2022, pé kí a fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ni ìjọba kan náà fagi lé ní 2025. Kí ó gbé oríta yẹn fún àwọn ọmọ rẹ̀. ‘Ì bá’ kò ní wọ́n wọn.

Ní ti máàkì, kì í ṣe bóyá ìtàn náà bá ìwé ìtàn mu ni a ó wò. Òfin ni a ó wò. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó yan okùn kan ṣoṣo, tí ó sọ pé afárá parí ní 2003, tí ó sì tún ní kí bàbá akọni rẹ̀ pàdé ìyá rẹ̀ ní 2008 nínú ìdádúró ọkọ̀ tí afárá náà ti mú kúrò, ti jábọ́ kúrò lórí ọ̀nà bí ọdẹ Bradbury. Abẹ́ gbólóhùn yẹn ni kí olùkọ́ fa ìlà pupa sí, kí ó sì bi í léèrè, ní Yorùbá, ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀.