Pápá Tí Ó Le Ni Kí Á Bèèrè Fún

Ní ìpàdé ẹ̀ka wa tí ó kọjá, nígbà tí ọ̀rọ̀ ìgbáyégbádùn òṣìṣẹ́ délẹ̀, pápá bọ́ọ̀lù ni gbogbo ẹnu ń wí. N kò bá bọ́ọ̀lù jà. Ṣùgbọ́n àwa tí a ti lé ní ogójì ọdún ńkọ́? Awakọ̀ tí ó jókòó sídìí ọkọ̀ láti ìdájí di alẹ́, tí orúnkún rẹ̀ ń ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Ìyá tí ó dúró ti ẹ̀rọ láti òwúrọ̀. Ṣé àwọn ni yóò bá ọmọ ogún ọdún sáré lé bọ́ọ̀lù? Ẹ̀gbẹ́ pápá ni a óò jókòó sí, tí a óò máa pàtẹ́wọ́ fún wọn.

Nítorí náà ni mo ṣe dìde, tí mo ní kí á bèèrè fún pápá gọ́ọ̀fù aláwo. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan tilẹ̀ bèèrè bóyá mo fẹ́ sọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ di ẹgbẹ́ babaláwo. Àwo ni mo wí, kì í ṣe awo! Ẹ jẹ́ kí n ṣe àlàyé tí ariwo kò jẹ́ kí n ṣe lọ́jọ́ náà.

Gọ́ọ̀fù tí a mọ̀, eré ọ̀gá ni lójú wa. Nígbà tí wọ́n dá Ikoyi Club sílẹ̀ ní Èkó ní 1938, àwọn òyìnbó ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún. Lónìí, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tiwa yìí, pápá gọ́ọ̀fù oníhò 18 wà ní MicCom ní Àdá. Ṣùgbọ́n ọ̀pá gọ́ọ̀fù nìkan tó láti gbé owó oṣù òṣìṣẹ́ mì.

Gọ́ọ̀fù aláwo yàtọ̀. Àwo rọ́bà pẹlẹbẹ ni à ń fi ọwọ́ jù, kò sí ọ̀pá kankan. Dípò ihò, agbọ̀n irin tí ó wà lórí òpó ni à ń jù ú sí, ṣéènì sì rọ̀ yí òpó náà ká láti dá àwo náà dúró. Ibi tí ó bá balẹ̀ sí ni a óò ti tún un jù. Bí ó bá bọ́ sínú omi, a óò fi ìjù kan kún ti ẹni náà. Ẹni tí ìjù rẹ̀ bá kéré jù lọ ni ó borí. Ed Headrick, ará Amẹ́ríkà tí ó ti ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ Wham-O tí ń ṣe àwo frisbee, ni ó gbé agbọ̀n oníṣéènì náà jáde. Òun náà ni ó ṣètò pápá kan ní Oak Grove Park ní California ní 1975.

Ọmọ mi mú irú àwo bẹ́ẹ̀ méjì bọ̀ láti Èkó. Ní ọjọ́ Àìkú kan, àwa mẹ́rin so agbọ̀n mọ́ igi ní pápá ilé-ìwé kan tí ó tẹ́jú. Kò pẹ́ tí ó fi sú wa. Ẹni tí apá rẹ̀ le jù ni ó ń borí ní gbogbo ìgbà.

Ni a bá kó lọ sí ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan nítòsí odò Ọ̀ṣun. Ibẹ̀ ni eré wà! Àwo gbọ́dọ̀ gba àárín ọ̀pẹ méjì kọjá, kí ó sọ̀ kalẹ̀, kí ó má sì wọ inú ìṣàn omi kékeré tí ó wà lẹ́yìn agbọ̀n. Ọ̀dọ́mọkùnrin wa, tí ó ń kó ẹrù sọ́kọ̀, fi gbogbo agbára jù ú, ó di inú omi. Ó tún un jù, ó di inú igbó. Bàbá tí ó ti fẹ̀yìntì nínú iṣẹ́ rélùwéè wò ó sùn-ùn. Ó ti kíyè sí i pé bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún jù ú láti iwájú àyà, ó máa ń yà sí òsì nígbà tí eré rẹ̀ bá ń kú. Bàbá dojú kọ ọ̀tún, ó jù ú jẹ́jẹ́, àwo sì yí wá sí àárín ọ̀pẹ fúnra rẹ̀. Ìjù kẹta, ó ti wà nínú agbọ̀n. Bí ọmọdé láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí nìyí. Ní pápá tí ó tẹ́jú, agbára ni ó ń borí; ní pápá tí ó le, ojú, sùúrù àti ìrònú ni. Pápá tí ó le ni ó lè kó àgbà àti ọ̀dọ́, ọkùnrin àti obìnrin, jọ sí ojú kan. Ẹdẹ kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ iyì ìfojúsùn: ṣebí Tìmì Àgbàlé Ọlọ́fà-iná ni ó tẹ ìlú wa dó?

Ẹ̀wẹ̀, ilẹ̀ tí ó tẹ́jú ni àwọn tí ń ta ilẹ̀ ń wá kiri. Ilẹ̀ onígẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tí igi pọ̀ sí, tí omi ń yalé lójò, ta ni yóò kọ́lé síbẹ̀? Òun gan-an ni eré yìí ń fẹ́. A kò ní gba katakata, a kò sì gbọdọ̀ gé igi. Kí á ṣán ojú ọ̀nà nìkan nítorí ejò, kí á sì sinmi eré nígbà tí odò bá kún.

Àwọn kan yóò ní kí á kọ́kọ́ jà fún owó oṣù. Òótọ́ ni, n kò sì ní gbà kí ọ̀gá kankan fi agbọ̀n dípò owó. Ṣùgbọ́n ìsinmi kì í ṣe sàráà. Àjọ ILO ti gba ìjọba nímọ̀ràn lórí bí òṣìṣẹ́ ṣe lè lo àkókò ìsinmi rẹ̀ dáadáa láti 1924. Ní 1956, ó tún dámọ̀ràn ibi eréìdárayá fún òṣìṣẹ́. Ìmọ̀ràn ni, kì í ṣe òfin. Ẹni tí kò bá bèèrè kò ní rí i gbà.

Nítorí náà, mo dábàá pé kí ìgbìmọ̀ ẹ̀ka wa kọ̀wé sí àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ àti ìjọba ìbílẹ̀ fún ilẹ̀ tí ó lè gba agbọ̀n mẹ́sàn-án. Agbọ̀n kò ní dà wá láàmú: àwọn wẹ́dà wa mọ irin jó, ṣéènì àlòkù sì wà nílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ wá bá wa ní ọjọ́ Àìkú tí ń bọ̀. Ẹni tí ó bá gba àárín ọ̀pẹ méjèèjì kọjá ní ìjù kìn-ín-ní, èmi ni n óò ra ẹmu fún un.

Ìṣọ̀kan ni agbára wa.